Àga Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé ní Kíláàsì Òkè

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti téèpù, nítorí ẹni tí kò bá mọ téèpù ilé yẹn kò ní mọ ìdí tí tíṣà fi sunkún lórí ìwé ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ.

Aránṣọ ni bàbá. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé, débi pé oníbàárà tó bá wá wọn sòkòtò lè gbọ́ òórùn ohun tí wọ́n ń sè, kó sì mọ ìgbà tó bá jóná. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un ní téèpù tó ń lò. Lọ́jọ́ kan, áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó orí téèpù náà. Ẹlòmíràn ì bá jù ú nù kó ra òmíràn, ṣùgbọ́n olóríkunkun ni bàbá yìí. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ibi tó jóná kúrò, ínṣì kan géérégé, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí wọ́n bá wọ̀n nínú ilé yẹn, wọ́n á yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ jáde. Àyà tí téèpù bá pè ní ogójì, mọ́kàndínlógójì ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú ṣọ́ọ̀bù náà ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń yọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń mí ni wọ́n ṣe ń yọ ọ̀kan.

Ọmọ méjì ni wọ́n. Àkọ́bí jẹ́ ọkùnrin, Aròjinlẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí oúnjẹ á wà lẹ́nu rẹ̀, kò ní jẹ ẹ́, kò ní gbé e mì, á ranjú mọ́ ògiri, ó ń ronú. Èkejì jẹ́ obìnrin. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, bàbá sì sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá fojú kéré rẹ̀, bàbá á ní, “Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.”

Aròjinlẹ̀ ti kú. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti retí rẹ̀ tó nínú ilé yẹn.

Nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n mú un sí Kíláàsì Òkè. Kíláàsì ìṣirò gíga ni, fún àwọn ọmọ tí ìṣirò ẹgbẹ́ wọn ò tó wọn í jẹ mọ́. Òkè pátápátá nínú ilé-ìwé náà ni yàrá rẹ̀ wà, lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti ń lọ sílé ni wọ́n sì máa ń ṣe é. Ọmọ tó bá jáde níbẹ̀, yunifásítì ló ń wá a, kì í ṣe òun ló ń wá yunifásítì. Ojoojúmọ́ ni Aròjinlẹ̀ ń ti ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ojú tó ń dán. Lọ́sẹ̀ kan, orí fífọ́ ló gbé bọ̀. Ibà ni wọ́n pè é. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti sin ín.

Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ mọ́ nílé. Ìyá gbé fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, ṣùgbọ́n ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ funfun ju ògiri yòókù lọ, ìyẹn ni wọ́n sì wá ń wò dípò fọ́tò. Tẹ́lẹ̀, ìyá ló ń bá bàbá ká etí aṣọ, tó sì ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ikú ọmọ, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó lọ gba iṣẹ́ agbálẹ̀ ní ilé-ìwé kan náà tí ọmọ rẹ̀ ti ń kàwé. Ẹnu ya àwọn ará àdúgbò. Àwọn kan ní ó fẹ́ gbàgbé ni, àwọn kan ní ta ló ń wá ìgbàgbé lọ sí ojúko ìrántí? Bàbá ò bi í. Ìyá ní ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá nísàlẹ̀ ni òun ń tọ́jú, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Ẹ̀gbọ́n dúró lójú kan, àbúrò ń bọ̀ lẹ́yìn, títí ó fi bá a.

Ìṣirò dùn mọ́ Abẹ́rẹ́. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó dùn mọ́ ọn débi tí ojú fi ń tì í. Tí ìṣirò kan bá já síbi tó yẹ lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ á máa dùn ṣìnkìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n nílé, kọ̀rọ̀ ló ti ń ṣe é, bí ẹni ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Tí bàbá bá rí i níbi tó dorí kodò tó ń ṣírò, ojú bàbá á tàn, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni á sì ṣú. Ọmọ wo ló fẹ́ máa rí irú ojú bẹ́ẹ̀?

Tíṣà tó ni Kíláàsì Òkè, Kò-tán-síbẹ̀ ni àwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn. Bí o bá ṣiṣẹ́ títí tí òógùn fi bò ẹ́ nímú, tí o gbé ìdáhùn lọ bá a, á wò ó, á mi orí, á ní, “Ó dáa. Kò tán síbẹ̀.” Wọ́n ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó gbà, ohun tó sọ náà nìyẹn. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó yẹ ẹni tí wọ́n pa á mọ́ ni.

Ó fún kíláàsì Abẹ́rẹ́ ní ìdánwò kan, láti fi ṣa àwọn tó lè wọ Kíláàsì Òkè. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó ní kí wọ́n fi rúlà wọn ẹ̀gbẹ́ àwòrán kan, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n náà ṣe iṣẹ́ gígùn kan tó tẹ̀lé e. Abẹ́rẹ́ gbé rúlà lé e. Lọ́jọ́ lásán, ó mọ̀ pé orí rúlà pé, kì í ṣe téèpù bàbá òun. Ṣùgbọ́n tí ìṣirò bá ti wọ̀ ọ́ lára, kì í mọ ibi tó wà mọ́. Ó yọ ọ̀kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi ìwọ̀n òdì náà ṣe gbogbo iṣẹ́ tó kù láìsí àṣìṣe kankan.

Lọ́jọ́ kejì, Kò-tán-síbẹ̀ ránṣẹ́ pè é sí yàrá àwọn tíṣà. Ìwé ìdánwò náà wà níwájú rẹ̀.

“Ta ló kọ́ ẹ láti máa yọ ọ̀kan?” ó bi í.

“Ọ̀kan wo, sà?”

Ó na ìka sí i. Abẹ́rẹ́ wò ó, orí rẹ̀ sì wú. “Ẹ má bínú, sà. Téèpù bàbá mi ló fà á.”

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹnì kan ṣoṣo ló tíì ṣi ìbéèrè yìí báyìí rí,” ló wí. “Ìwọ̀n tó kọ náà nìyí. Ìdáhùn tó gbé wá fún mi náà nìyí, kò yẹ̀.” Omi sì bọ́ lójú rẹ̀, àgbàlagbà pátápátá, níwájú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń mu tíì, tí wọ́n sì yára ń wo inú ife wọn.

Abẹ́rẹ́ mọ ẹni tó ń sọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

“Àyè kan ló kù lókè,” ni tíṣà wí nígbà tó rí ohùn rẹ̀ gbà padà. “Mi ò fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà yẹn. Wá bá wa jókòó lọ́sẹ̀ yìí, kó o wò ó bóyá ó wù ẹ́. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, kí bàbá ẹ tàbí màmá ẹ wá fẹnu ara wọn sọ fún mi pé àwọn gbà. Mi ò ní mú ọmọ kankan wọ ibẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé òbí ẹ̀ fẹnu sọ ọ́ létí mi.”

Báyìí ni Abẹ́rẹ́ ṣe gun òkè lọ́jọ́ Ajé. Ó parọ́ nílé pé ẹ̀kọ́ àfikún ni òun ń dúró fún, nítorí kò tíì mọ ohun tó máa sọ.

Yàrá náà ò ju yàrá lọ: pátákó dúdú gbọọrọ, àwọn tábìlì ní ìlà-ìlà, fèrèsé tó kọjú sí òrùlé páànù àwọn ilé. Títì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń wà. Tíṣà ló fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i fún wọn. Gbogbo àga ló ní ẹni tó ni ín, àfi ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn ọmọ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ ajá tó ń sùn.

“Ibẹ̀ yẹn?” ni ọmọbìnrin kan wí fún Abẹ́rẹ́. “Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ o.”

“Ibẹ̀ ni tíṣà ní kí n jókòó.”

“Ó dáa náà.” Ọmọ náà fa àga tirẹ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀.

Abẹ́rẹ́ jókòó, ó sì fò dìde. Àga náà gbóná. Kì í ṣe gbígbóná oòrùn, tó máa ń mú igi láti etí kan dé èkejì. Ibi tí ènìyàn ń gbé ìdí lé nìkan ló lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ló yẹ kó máa nu tábìlì wọn, ìyẹn ni pé wọn kì í nù ún, eruku ṣọ́ọ̀kì bò wọ́n pátá. Ti iwájú Abẹ́rẹ́ mọ́ tónítóní.

“Kí ló dé?” ni tíṣà bi í.

“Kò sí nǹkan kan, sà.” Ó rọra tún jókòó. Gbogbo irun ara rẹ̀ ló nàró.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Ní Ọjọ́rú, òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò sì dá. Òtútù mú débi pé tíṣà wọ kóòtù kọ́ wọn. Abẹ́rẹ́ sáré wọlé ṣíwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ kan àga ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tutù rinrin. Ó fọwọ́ kan èyí tó wà lẹ́yìn. Òun náà tutù. Ó fọwọ́ kan tirẹ̀, ó sì yọ ọwọ́ kíá.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé kíláàsì náà dùn. Ìṣirò tí kì í dópin ni wọ́n ń kọ́ lọ́sẹ̀ náà, iye tí èèyàn á máa rò pọ̀, tí á máa rò pọ̀, tí kò sì ní rò tán láé, síbẹ̀ tó ní ibi tí kò lè kọjá. Abẹ́rẹ́ ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó gbàgbé àga, ó gbàgbé òtútù, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Kò-tán-síbẹ̀ kọ̀wé dé ìdajì pátákó, ó yíjú sí kíláàsì, ó na ṣọ́ọ̀kì.

“Aròjinlẹ̀,” ló wí, “wá bá wa ṣe èyí tó kù.”

Tíṣà ò mọ ohun tí ẹnu òun sọ. Abẹ́rẹ́ dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó sì ṣe é. Ìgbà tó padà jókòó ló tó mọ̀ pé wọ́n fi orúkọ òkú pe òun, òun sì jẹ́.

Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀rù wá bà á dáadáa, kì í sì í ṣe ẹ̀rù òkú. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n òun ló ń jókòó de òun, kò burú. Ó ṣáà ti gbé òun pọ̀n rí. Ohun tó ń já a láyà ni pé àṣìṣe òun, tirẹ̀ ni. Àga òun, tirẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi pe òun, tirẹ̀. Ayọ̀ ìṣirò tó ti ń fi pamọ́ láti kékeré, tó rò pé nǹkan kan ṣoṣo tó jẹ́ ti òun láyé nìyí, ta ló mọ̀ bóyá ogún ni? Tí òun bá wọ Kíláàsì Òkè, ta ni yóò wọlé? Tí òun ò bá sì wọ̀ ọ́, kí ni òun ó fi gbogbo ayọ̀ náà ṣe? Ó rò ó títí, kò rí ibi tó máa tì í sí.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó sọ ọ́. Bàbá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ìyá wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé níbi tó ti ń se oúnjẹ. Abẹ́rẹ́ ní wọ́n mú òun sí Kíláàsì Òkè, òun sì ti ń lọ láti ọjọ́ Ajé, pé tíṣà ń retí kí òbí òun wá fẹnu sọ pé àwọn gbà.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ojú bàbá tàn, lọ́tẹ̀ yìí kò sì ṣú. Ó dìde, ó di ọmọ náà léjìká mú.

“Mo mọ̀,” ló wí. “Mo mọ̀ pé kò lè lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó máa padà wá.”

“Bàbá,” ni Abẹ́rẹ́ wí, “èmi ni.”

“Ìwọ náà ni mò ń wò.” Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ló ń wò kọjá, síbi tó funfun lára ògiri.

“Rárá,” ni ìyá wí lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Bàbá yíjú. “Ìyá Abẹ́rẹ́, kí lo wí?”

“Mo ní rárá. Ọmọ mi ò ní jókòó síbẹ̀.”

“Kí ló dé? Ohun tó wù ú nìyí. Ọmọ ẹlòmíì ń fi ẹkún tọrọ ẹ̀.”

Ìyá ṣí aṣọ ìkélé. Ojú rẹ̀ le koko. “Mo ní kò ní jókòó síbẹ̀! Ṣé mo gbọ́dọ̀ rojọ́ ẹ̀ ni?”

Ẹnikẹ́ni ò jẹun dáadáa. Nígbà tí ìyá ti wọlé lọ, bàbá rọra sọ fún Abẹ́rẹ́ pé, “Ọmọ àwa méjèèjì ni ẹ́. Mi ò lè lọ bá tíṣà nígbà tí màmá ẹ ti ní rárá. A máa fà ẹ́ bí okùn, àárín lo sì ti máa já.” Abẹ́rẹ́ ní òun gbọ́. Inú ń bí i sí ìyá rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é, àwọn méjèèjì ń jà nínú rẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Nígbà tí agogo ìparí lù, àwọn ọmọ Kíláàsì Òkè sáré jáde lọ jẹun bí wọ́n ti máa ń ṣe kí tíṣà tó wá ṣílẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ ò bá wọn lọ. Ó forí lé òkè. Ẹ má rò pé ó láyà o. Irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ló dì mú bí arúgbó. Ohun tó fẹ́ lọ ṣe ni pé kó lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n máa lọ, ẹ jẹ́ kí n mọ̀.” Ohunkóhun tó bá rí tàbí tó bá gbọ́ lókè lọ́hùn-ún, òun ni yóò tẹ̀lé.

Ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá.

“Ṣé o jẹun?” ni ohùn náà ń wí. Ó dákẹ́ bí ẹni ń gbọ́ èsì. “Àbúrò ẹ ló fẹ́ wá jókòó síbí. Má dá a lóhùn. Mo ti ní rárá. Kò sẹ́ni tó máa lé ẹ dìde.”

Abẹ́rẹ́ mọ ohùn náà ju ohùn ara rẹ̀ lọ. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé.

Ìyá rẹ̀ ló jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì bí ọmọ ilé-ìwé, ìgbálẹ̀ fara ti ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Pátákó ló kọjú sí. Iṣẹ́ àná ṣì wà lórí rẹ̀, wọn ò tíì nù ún.

“Màmá.”

Ìyá ò ta gìrì. Ó yíjú díẹ̀díẹ̀. “Kí lo wá ṣe níbí ní báyìí?”

“Ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó síbẹ̀?”

“Èmi ni.”

“Ojoojúmọ́?”

“Èmi àti agbálẹ̀ tó ni òkè yìí la jọ pààrọ̀. Ó ń bá mi gbá ọ́fíìsì, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ibí, mò ń bá a gbá a. Tíṣà yín mọ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan rí.”

Ara tu Abẹ́rẹ́, inú sì bí i, lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn rẹ̀ ròkè. “Mo rò pé òun ni! Àga ń gbóná, mo rò pé òun ni! Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń jókòó tí ara mi ń gbọ̀n, Màmá, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀!”

“Èmi náà máa ń rò pé òun ni,” ni ìyá wí. “Ìyẹn ni mo ṣe ń wá.”

Abẹ́rẹ́ fà sún mọ́ ọn, ó jókòó sí etí tábìlì tó wà níwájú. Ìyá fọwọ́ nu orí tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.

“Tó bá ti ibí bọ̀,” ló wí, “ojú ẹ̀ á máa dán. Mo máa ń bi í pé, kí lẹ rí lónìí? Á rẹ́rìn-ín, á ní, Màmá, kò ní yé e yín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó dùn mí o, Abẹ́rẹ́. Ọmọ tí mo kọ́ ní ọ̀kan, èjì. Mo ní lọ́kàn mi pé, kò burú, tó bá dàgbà díẹ̀ sí i, á ní sùúrù, á ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Kò wá dàgbà.” Ó gbé ojú sókè sí pátákó. “Kí n tó nu pátákó yẹn, mo máa ń wò ó. Mo máa ń jókòó síbi tó jókòó sí, kí n lè fi ojú tó fi wò ó wò ó. Láti gbogbo ọdún yìí wá, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọjọ́ tó o bá jókòó síbí, ibo lèmi máa jókòó?”

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, gbangba. Àgbàlagbà obìnrin, ó ń bi ọmọ rẹ̀ ní ibi tí òun máa jókòó sí.

Abẹ́rẹ́ wo ìyá rẹ̀, ó wo pátákó. Ìṣirò tí kì í dópin ló wà níbẹ̀, ìdajì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ dé etí pátákó, tíṣà sì fi àmì mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀ pé kò tíì tán.

“Màmá,” ló wí, “ẹ má dìde. Ẹ jẹ́ ká ní aṣọ kan wà nílẹ̀, ọ̀pá kan péré. Ẹ gé ìdajì ẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.”

“Mo gé e.”

“Èyí tó kù, ẹ gé ìdajì òun náà, ẹ rán an mọ́ ti àkọ́kọ́. Èyí tó tún kù, ẹ tún gé ìdajì ẹ̀, ẹ rán an mọ́ ọn.”

“Dìgbà wo?”

“Títí láé. Ẹ ò ní dúró.”

Ìyá kẹ́nu pọ̀. Ẹni tó ti ká etí aṣọ fún ọdún gbọọrọ ni. Ó ń rí aṣọ náà lójú ara rẹ̀. “Á kéré débi tí ọwọ́ ò ní lè dì í mú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ á ṣì wà. Gbogbo ìgbà ni á máa ku díẹ̀.”

“Èyí tí mò ń rán pọ̀ ńkọ́? Tí mo bá ń rán an lọ bẹ́ẹ̀ títí láé, ṣé kò ní kún ilé?”

“Kò ní kọjá ọ̀pá kan, Màmá. Á máa sún mọ́ ọn, á máa sún mọ́ ọn. Kò sì ní kọjá ẹ̀ láéláé.”

Ètè ìyá ń mì díẹ̀díẹ̀, ó ń gé, ó ń rán. Ojú rẹ̀ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ pátákó dé ibi àwọn àmì mẹ́ta yẹn, ó sì dúró síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ rí i nígbà tó yé e. Ẹ ò lè ṣi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ̀ lójú èèyàn.

“Háà,” ni ìyá wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé ohun tó ń rí nìyí?”

Ì bá rọrùn kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ìyá fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ohun tí bàbá fẹ́ gbọ́ nìyẹn, tíṣà náà ì bá fẹ́ gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni náà ti dé ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́.

“Mi ò mọ ohun tó rí, Màmá,” ni Abẹ́rẹ́ wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí èmi rí nìyí.”

Ìyá tẹ́ ọwọ́ lé orí tábìlì, ó ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ sí ẹnì kan tí kì í ṣe Abẹ́rẹ́, kò sì sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Tíṣà Kò-tán-síbẹ̀ yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó rí ìyá, ó rí ọmọ, ó sì fẹ́ padà sẹ́yìn.

“Ẹ má lọ, tíṣà,” ni ìyá wí. Ó di etí tábìlì mú, ó dìde. Ó pẹ́ kó tó nàró tán, bí ẹni tí ẹnì kan di aṣọ rẹ̀ mú nísàlẹ̀. “Ẹ ní kí òbí wá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Mo gbà.”

Tíṣà tẹ orí ba.

Ìyá fa àga náà sẹ́yìn díẹ̀ fún Abẹ́rẹ́. “Jókòó,” ló wí. “Jókòó, kí n wò ẹ́.”

Abẹ́rẹ́ jókòó. Ìyá rìn dé ẹ̀gbẹ́ pátákó, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó sì ń wò ó. Ó wò ó pẹ́. Abẹ́rẹ́ ò mọ ẹni tí ìyá òun ń rí lórí àga náà, kò sì láyà láti bèèrè. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí ẹsẹ̀, ó dúró gbọnyin. Ojú ìyá kúrò ní iwájú orí rẹ̀, ó kúrò ní ọrùn rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ dé àyà aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó sì kọ́ síbẹ̀.

“Abẹ́rẹ́,” ni ìyá wí, “bọ́tìnnì aṣọ ẹ kan ti já.”

Abẹ́rẹ́ sáré fọwọ́ bo ibẹ̀. Ọmọ aránṣọ, píìnì ló fi mú un pọ̀.

“Ó ti já tipẹ́, Màmá,” ló wí.